Ọjà Orí Ògiri

Ohun tó kọ́kọ́ rí mi lára nípa Gàníyù ni pé gbogbo nǹkan ló dára lójú rẹ̀. Ẹ̀kọ tó ti kan dára. Òjò dára, ẹ̀ẹ̀rùn náà dára. Ọkọ̀ tó bàjẹ́ sójú ọ̀nà Ìwó dára, nítorí ó jẹ́ kí òun rí ibi sinmi. Àbíjàn ló ti ń bá àbúrò bàbá rẹ̀ ta aṣọ, ó sì ti ibẹ̀ kó ọ̀rọ̀ Faransé kan bọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ ohun gbogbo tó bá rí: "Sẹ́ bọ̀ǹ!" Ìyẹn ni pé ó dára. Ẹ dákun, ẹni tí kò sí ohun tó burú lójú rẹ̀, ṣé ó tiẹ̀ ń ríran?

Èmi Fadékẹ́mi, nǹkan kì í dára lójú mi bọ̀rọ̀. Ọmọ Jeremiah Oyèbọ̀dé ni mí, bíríkìlà, díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Èjìgbò. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi fi mí sí, ibẹ̀ ni tíṣà kan ti kọ́ mi ní àwòrán yíyà, bí mo sì ṣe padà sílé, mo ní mi ò ṣe tíṣà mọ́. Ilé àwòrán ni mo fẹ́ ṣí. Bàbá mi rò pé ilé fọ́tò ni mò ń sọ, ó gbà. Ìgbà tó rí i pé pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí mo fi ọ̀dà kùn ni mò ń kàn mọ́ ògiri yàrá iwájú, ara rẹ̀ bù máṣọ. Ṣọ́ọ̀bù ló kọ́ yàrá náà fún, ọkùnrin kan tó ń ta karosíìnì sì ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi háyà fún òun.

"Fadékẹ́mi," bàbá mi sọ, "mo fún ọ títí di Kérésìmesì ọdún tó ń bọ̀. Bí àwọn èèyàn bá ń ra nǹkan wọ̀nyí, kó máa jẹ́ tìrẹ. Bí wọn ò bá rà á, karosíìnì á wọlé, ìwọ náà á lọ máa kọ́ àwọn ọmọdé ní A, B, D."

Ọdún 1964 nìyẹn. Kí n má purọ́ fún yín, iṣẹ́ ìríra ni iṣẹ́ ilé àwòrán ní ìlú wa nígbà náà. Kì í ṣe yíyà rẹ̀ o. Ìyẹn dùn. Ìtọ́jú rẹ̀ ni. Láàárọ̀, màá gbá ìgbẹ́ aláǹgbá kúrò lórí àwọn ìkòkò tí ìyá kan láti Ọlá gbé wá kí n bá òun tà. Màá nu eruku lójú àwọn ère tí agbẹ́gilére kan kó wá láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Màá wá fi omi ọṣẹ nu ibi tí ẹni tó ń jẹ àkàrà ti fi ìka epo tọ́ ògiri. Nínú àwọn tó ń wọlé, òjò ni àwọn kan ń sá fún, àwọn mìíràn á ní, "Onífọ́tò, ṣé ẹ ní pọ́dà ká fi tún ojú ṣe?" Bàbá àgbàlagbà kan dúró níwájú àwòrán obìnrin tó ń wẹ̀ lódò, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan ọmú rẹ̀. Ọ̀dà náà kò tíì gbẹ. Bó ṣe gbé ìka pupa yẹn relé ìyàwó rẹ̀ nìyẹn, mi ò mọ àlàyé tó ṣe.

Bọ́ọ̀dù tí mò ń kọ fún àwọn télọ̀ àti àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ni mo fi ń jẹun. Àwòrán tèmi kò tà.

Ọ̀kan nínú wọn kò tilẹ̀ sí fún títà. Ó wà lórí ògiri tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ìyá mi ni, Mosúnmọ́lá, tó kú nígbà tí mo wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Fọ́tò Kérésìmesì kan ni mo wò yà á, pẹ̀lú ẹ̀rín kíkún lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n máa ń mí kanlẹ̀ tí wọ́n bá rí i, wọ́n á ní, "Ìyá Fadékẹ́mi gan-an nìyí!" Bàbá mi nìkan ni kì í sọ nǹkan kan. Bó bá dé ibẹ̀, á yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo rò pé ìbànújẹ́ ni.

Ìgbà ọyẹ́ ọdún yẹn ni Gàníyù wọlé, òun àti Nímọ́tà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó ń ta aṣọ lọ́jà.

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án," ni mo sọ.

"Sẹ́ bọ̀ǹ!" ni ó wí.

"Èwo nínú wọn?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Ẹ ò tíì wo ti ọwọ́ òsì."

"Ìyẹn náà dára."

Nímọ́tà bú sẹ́rìn-ín. "Fadékẹ́mi, àbúrò mi nìyí, Gàníyù ọmọ Ìyá Bàrákátù. Àbíjàn ló ti dé. Ó rí ọ lórí àkàbà níbi tó o ti ń kọ bọ́ọ̀dù, látìgbà náà kò jẹun dáadáa mọ́."

"Kó lọ jẹun, ẹ̀gbọ́n," ni mo fi fèsì.

Ó ra àwòrán pupa kan lọ́jọ́ náà, ó sì gbé e jáde, ẹ̀yìn àwòrán ló kọ síta. Ìyẹn pàápàá rí mi lára. Ṣùgbọ́n mo ń purọ́ bí mo bá ní ìríra nìkan ni. Ọmọkùnrin náà ga, eyín rẹ̀ funfun, ohùn rẹ̀ kì í le. Nígbà tí mo lọ kọ bọ́ọ̀dù fún ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ó bọ́ agbádá rẹ̀, ó bá mi di àkàbà mú láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ nísàlẹ̀. Mo kọ lẹ́tà kan wọ́, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ.

Nímọ́tà di alárinà wa, kò sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi sinmi. "Ìwọ ọmọ yìí, kí lo tún ń wò? Ẹ̀wà ni mò ń kiri nígbà tí ọkọ mi ń fẹ́ mi. Ojoojúmọ́ ló ń ra gbogbo igbá náà tán kí oòrùn má bàa pa mí. Ẹ̀wà náà ò dáa o! Iyọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ajá ló ń dà á fún. Ìfẹ́ nìyẹn!"

Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tèmi ló ń sọ.

Láti ìgbà náà ni oríire dé. Awakọ̀ kan wọlé, ó ní ọ̀gá kan ní Ìwó rán òun, ó ra àwòrán odò. Ìyá kan ní òun ń lọ sí ìgbéyàwó ní Ìlá, ó gbé méjì. Ọkùnrin onífìlà kan ní tíṣà àgbà kan ní Ìrágbìjí gbúròó mi, ó ra ọ̀kan fún un. Mo ń yà, wọ́n ń rà. Ọ̀dà ń kún ìka mi, mi ò ráyè jẹun, inú mi ń dùn ṣìnkìn. Bàbá mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àyà síwájú láàárín àwọn díákónì. "Wọ́n mọ ọmọ mi títí dé Ìwó," ni ó ń wí.

Ọ̀rọ̀ ọkọ ni kò fẹ́ gbọ́. "Ìmàle? Èmi Jeremiah, kí n jókòó sórí àga díákónì kí n máa jẹ ẹran Iléyá àna?" Bí bàbá mi ṣe ń wí níhìn-ín ni Ìyá Bàrákátù ń wí lọ́hùn-ún. Nímọ́tà sọ fún mi láìfi bò pé ìyá náà ní, "Kìrìsìtẹ́nì tó ń gun àkàbà láàárín ìgboro, tó tún ń ya ènìyàn sórí pákó. Kí ni kó wá ṣe nílé mi?"

Àníyàn tèmi yàtọ̀ sí tiwọn. Mo máa ń dùbúlẹ̀, màá máa rò ó. Bí mo bá se ọbẹ̀ tó jóná, Gàníyù á ní ó dára. Bí mo bá ya àwòrán tí kò nítumọ̀, á ní ó dára. Ta ló máa wá sọ òótọ́ fún mi láyé? Ṣùgbọ́n bó bá di ọjọ́ kejì tí mo rí i tó ń bọ̀ lókèèrè, ọkàn mi á tún fò sókè. Mo wá dá ara mi lóhùn pé kò pọn dandan kí ọkọ mi mọ àwòrán. Ará Ìwó ti mọ̀ ọ́n, ó tó.

Nígbà tí Iléyá ọdún 1965 dé, Nímọ́tà ní, "Wá bá ìyá wa fọ ẹran. Bí wọ́n bá rí i pé o lè ṣiṣẹ́ ilé, ìdajì ìjà parí." Bí àfẹ́sọ́nà ṣe ń ṣe nílé wa nìyẹn: lọ́jọ́ ọdún, á lọ ran ìyá ọkọ lọ́wọ́. Mi ò sọ fún bàbá mi. Mo wọ aṣọ tí mi ò ní káàánú rẹ̀, mo lọ.

Wọ́n gbé ìfun àgbò lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fọ ìfun àgbò rí, ẹ mọ òórùn náà. Mo dì í mọ́ra, mo ń tú u, mo ń dà á, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Ìyá Bàrákátù bí ẹni tó bá ìfun dàgbà. Ìyá náà kàn ń wò mí. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò ya ẹlẹ́nu púpọ̀.

"Lọ da ìgbẹ́ inú rẹ̀ sẹ́yìn ilé adìẹ," ni ó wí.

Mo gbé abọ́, mo bọ́ sẹ́yìn ilé. Ilé adìẹ náà tóbi, pákó ni wọ́n fi ṣe é. Bí mo ṣe fẹ́ da ohun tó wà lọ́wọ́ mi nù ni mo rí àwọ̀ aró kan tí mo mọ̀. Kò sí ẹni tó ní irú àwọ̀ yẹn ní Èjìgbò àfi èmi, nítorí èmi ni mo pò ó. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Odò mi ni. Obìnrin tó ń wẹ̀ ti di ògiri, ìgbẹ́ adìẹ ti ṣàn láti orí rẹ̀ dé àyà. Àwọn méjì tó lọ sí Ìlá ni òrùlé. Ti tíṣà Ìrágbìjí wà nílẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń yàgbẹ́ sí i. Adìẹ kan sàba lé àwòrán pupa tó kọ́kọ́ rà, ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo wá yọ ọ́ lẹ́nu. Gbogbo wọn wà níbẹ̀. Kò sí ọ̀kankan tó dé Ìwó.

Mo bì. Òórùn ìfun kò mú mi bì, ìyẹn ló mú mi bì.

Gàníyù ló kọ́kọ́ sáré dé. "Fadékẹ́mi, kí ló dé?"

"Ìwọ lo ń rán wọn?"

Ó wo ilé adìẹ, ó wo mí. Ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ jọ ti ẹni tó ṣẹ̀. "Èmi ni. Mi ò fẹ́ kó o máa jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú kí ọjà má tà. Mo fẹ́ kó o sinmi. Ṣebí bí ọkùnrin ṣe ń ṣe fún ọmọ tó bá fẹ́ràn nìyẹn, á ra ọjà rẹ̀ tán."

"Ṣé ẹ̀wà ni mò ń tà?"

"Kì í ṣe ẹ̀wà, ṣùgbọ́n..."

"Èyí tó o kọ́kọ́ rà, tí adìẹ yẹn sàba lé. Má wò ó. Kí ló wà nínú rẹ̀?"

Ó ronú. Mo rí i tó ń ronú, ó sì dùn mí. "Àwọn obìnrin," ni ó wí. "Ó pupa."

"Kí ni wọ́n ń ṣe?"

"Wọ́n... wọ́n ń jó."

"Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń bó, Gàníyù! Ẹ̀gẹ́!"

Ìyá Bàrákátù ti dé ẹ̀yìn wa. Kò pariwo. "Ọmọ mi," ni ó wí, "má bínú sí mi ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n kọ́ mi pé màlékà kì í wọ ilé tí àwòrán ènìyàn bá wà. Mi ò lè gbé e síbi tí mo ti ń kírun. Mi ò sì lè ju ohun tí ọmọ mi fi òógùn ojú rà nù. Ilé adìẹ ló kù."

Ká sọ tòótọ́, ọ̀rọ̀ ìyá náà nìkan ló mọ́gbọ́n dání lọ́jọ́ yẹn. Ó mọ ohun tó wà lórí pákó náà. Ọmọ rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n.

Mo fi ọwọ́ ara mi tú ilé adìẹ náà. Àwọn adìẹ sá káàkiri, wọ́n ń ké, ọ̀kan bà sórí ẹran ọdún. Nímọ́tà ń bẹ̀ mí, Gàníyù fẹ́ bá mi gbé e, mo ní bó bá fọwọ́ kàn án màá ké ìbòòsí. Mo to àwọn àwòrán jọ, mo fi okùn dì wọ́n, mo gbé wọn rù. Ẹyin kan ti fọ́ sórí wọn, ó ń ṣàn sí mi létí. Gbogbo ìlú wà níta nínú aṣọ ọdún. Láti ilé Ìyá Bàrákátù dé ilé wa, kò sẹ́ni tí kò rí mi, òórùn mi sì ń ṣáájú mi dé ọ̀dọ̀ wọn.

Bàbá mi jókòó níwájú ilé. Mo sọ ẹrù náà kalẹ̀.

"Bàbá, kò sẹ́ni tó mọ̀ mí ní Ìwó."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ká ní ó rẹ́rìn-ín ni, ì bá sàn. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo àwọn pákó náà, ó ní, "Adéhùn ni adéhùn. Kérésìmesì ṣì ń bọ̀." Lẹ́yìn náà ló ní, "Lọ wẹ̀."

Mo wẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fọ àwọn àwòrán náà. Mo kàn wọ́n padà sórí ògiri pẹ̀lú ìgbẹ́ àti ìyẹ́ lára wọn. Inú ló ń bí mi, mi ò ní ìdí mìíràn. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀! Àwọn tí mo ti ń fi ẹ̀rín pè fún ọdún kan tí wọn ò wá, wọ́n ń ti ara wọn lẹ́nu ọ̀nà láti wo àwòrán tí adìẹ yàgbẹ́ sí. Ó kó mi nírìíra débi tí mo fi kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ṣùgbọ́n etí kò ṣeé dì pa. Bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀sín wo ìgbẹ́, ojú wọn ń bọ́ sórí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

"Ṣebí odò Ọ̀ṣun nìyí?"

"Níbo? Odò oko wa ni. Wo òkúta yẹn."

Mùíbì, awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, dúró pẹ́ níwájú àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́. Ó bi mí pé, "Ẹni tó jókòó sẹ́yìn yìí, ta ló ṣẹ̀ ẹ́?" Kò sẹ́ni tó bi mí ní irú ìbéèrè yẹn rí. Ó ra àwòrán náà pẹ̀lú owó ara rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e dé ìta, mo bi í bóyá ẹnìkan ló rán an. Ó ní ṣé orí mi pé?

Gàníyù wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Nímọ́tà ti wá bẹ̀bẹ̀ títí, ó ti sunkún, ó ti ní ẹ̀wà tòun ló kó bá wa. Mo jẹ́ kí Gàníyù dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo fẹ́ ra..." ni ó bẹ̀rẹ̀.

"O ò gbọdọ̀ ra ohunkóhun níbí mọ́ láyé rẹ."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

Mo nawọ́ sí bẹ́ńṣì. "Jókòó. Máa wò ó. Bó o bá sọ pé ó dára, màá lé ọ jáde."

Bàbá mi ní kí ló ń wá. Mo ní ibi ìtajà ni, kò sẹ́ni tí a lè ní kó má wọlé. "Kó wọlé bí oníbàárà, kó jáde bí oníbàárà," ni bàbá mi wí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń jókòó bí ẹni tó ń dúró de dókítà. Mo ń lé e, ó ń padà wá. Nígbà tó yá, ó ní, "Obìnrin mẹ́rin ló wà nínú èyí tí Mùíbì rà, mo lọ wò ó nílé rẹ̀. Ọ̀kan ò ní ọ̀bẹ."

"Kí ló dé tí kò fi ní?"

"Mi ò mọ̀."

"Lọ wá ìdí rẹ̀."

Ó tún lọ, ó dé pẹ̀lú òógùn lójú. "Ọ̀bẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ó ń wo ọmọ náà kó má gé ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jọ pé ó ń sunkún. Ẹ̀rù ló ń bà á."

Mo yí ojú mi sógiri kó má rí ohun tó wà lójú mi. Ṣé ẹ rí i, ìríra kì í kúrò lára bí ìgbà tí a wẹ ọ̀dà nù. Bó bá súnmọ́ mi, mo ṣì ń gbọ́ òórùn ilé adìẹ. Síbẹ̀, bó bá pẹ́ kó tó dé, mo máa ń nu àwòrán kan náà ní ànutúnnù, ojú mi á wà lójú títì. Àbúrò bàbá rẹ̀ ránṣẹ́ láti Àbíjàn pé kó padà wá sídìí ọjà. Kò lọ. Ó ní ìlú ò fararọ lọ́dún náà, àwọn olóṣèlú ń sun ilé ara wọn, ọ̀nà ò dáa. Ọ̀nà ò dáa lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń rìn ín.

Ó fi pákó lásán tún ilé adìẹ ìyá rẹ̀ kọ́. Ìyá Bàrákátù fúnra rẹ̀ wá lọ́jọ́ kan, kò kọjá ẹnu ọ̀nà. Ó wo inú ilé díẹ̀, ó ní, "Bó bá jẹ́ ilé tìrẹ ni àwòrán wà, mi ò ní nǹkan í sọ. Kó ṣáà má wọ yàrá tí mo ti ń kírun." Ó bá tirẹ̀ lọ. Nímọ́tà ní ìyẹn, lẹ́nu ìyá wọn, orin ìyàwó ni.

Bàbá tèmi ló kù. Ó sì ku ìwọ̀nba ọjọ́ kí Kérésìmesì dé.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni. Mo wà lórí àkàbà, mò ń gbá jànkárìwọ̀ kúrò lókè. Gàníyù jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó kọjú sí àwòrán ìyá mi. Ó ti pẹ́ tó ti ń wò ó láti ọjọ́ mélòó kan, kò sì sọ nǹkan kan, èmi náà ò sì bi í, nítorí ìyẹn kì í ṣe ohun à ń bi ẹnikẹ́ni.

"Fadékẹ́mi," ni ó wí, "èyí kò dára."

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. "Kí lo wí?"

"Kò dára." Ó nawọ́ sí àwòrán náà. "Gbogbo àwọn yòókù, mo máa ń rò pé wọ́n á mira bí mi ò bá wò wọ́n. Èyí ò ní mira. Ẹnu rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó dà bí ẹni tí wọ́n ní kó dúró jẹ́ẹ́ kí wọ́n ya òun tán."

Inú bí mi. Ta ni ìwọ? Ìwọ tí o kó iṣẹ́ ọwọ́ mi fún adìẹ! Ìwọ tí o ò mọ ìyá mi rí! Gbogbo ìlú ló ní òun gan-an nìyí. Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo yíjú sí àwòrán náà kí n lè sọ ọ́ dáadáa, mo sì rí i. Fọ́tò ni. Fọ́tò tí mo fi ọ̀dà kùn ni. Mo ti ń lé Gàníyù jáde nítorí "ó dára," èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ lórí ògiri ló sì burú jù.

"Òótọ́ ló sọ."

Bàbá mi ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò mọ ìgbà tó dé. Ó wọlé, ó dúró síwájú àwòrán ìyàwó rẹ̀, kò yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́tẹ̀ yìí.

"Ìyá rẹ kò rẹ́rìn-ín báyìí rí," ni ó wí. "Bó bá ń rẹ́rìn-ín, á fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọwọ́ òsì. Onífọ́tò ló ní kó sọ ọwọ́ kalẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó sì bínú títí tí a fi délé. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́ fún ọ, wàá sunkún. Gbogbo èèyàn ló ń ní ó jọ ọ́, mo wá ń rò pé bóyá èmi ni mo ti gbàgbé rẹ̀."

Bàbá mi nu ojú, ó yíjú sí Gàníyù, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa bá a sọ̀rọ̀ nìyẹn.

"Ta ló kọ́ ọ báyìí?"

"Ọmọ yín ni, Bàbá. Ó ní kí n má rà mọ́, kí n máa wò."

Bàbá mi mi orí. "Mo ti ní kí oníkarosíìnì wá ibòmíràn," ni ó wí, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Lẹ́yìn náà ló wọlé lọ, ó sì jáde pẹ̀lú òòlù rẹ̀, èyí tó fi ń ṣiṣẹ́. Ó nà án sí mi.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbé àkàbà síwájú àwòrán ìyá mi, mo gùn ún. Gàníyù dìde, ó di àkàbà mú. Mo ń yọ ìṣó, ó le, àkàbà mì díẹ̀.

"Dì í mú dáadáa," ni bàbá mi wí fún un. "Bí ọmọ mi bá já bọ́, ọ̀dọ̀ rẹ ni mo ti máa béèrè rẹ̀. Láti òní lọ, ọ̀dọ̀ rẹ ni mo ti máa béèrè rẹ̀."

Ọwọ́ mi dúró lórí ìṣó. Mo wo ìsàlẹ̀. Gàníyù ti gbé ojú sókè, eyín rẹ̀ ti yọ, ẹnu rẹ̀ ti là, mo sì mọ ohun tó fẹ́ sọ.

Mo wò ó láti òkè. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé, ó sì di àkàbà náà mú.